Àwọn Májúbúrù Ẹnubodè

"Ṣé kí n gbà pé irínwó ènìyàn lé méjìlá ló ń jẹ́ orúkọ kan náà?"

Gráinne ọ̀gá wọn kò jókòó. Ó na ìwé náà sí Mùínàt, ó tún fà á sẹ́yìn kí Mùínàt tó rí i kà, ó wá ju gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì. Àwọn mẹ́fà tó kù nínú ọ́fíìsì náà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí ènìyàn pa rédíò. Kò sí ẹni tó wo apá ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí etí rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

"Majbur. Majbur. Majbur." Ó ń fi báírò gún ìwé náà bó ṣe ń kà á. "Ojú ewé mọ́kànlá. Bàbá ń jẹ́ Majbur, ìyá ń jẹ́ Majbur, ọmọ oṣù mẹ́ta ń jẹ́ Majbur. Ta ló tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà?"

"Èmi ni," ni Mùínàt dáhùn. "Bí mo ṣe rí i nínú fọ́ọ̀mù ni mo ṣe tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé orúkọ ìdílé wọn ni, mo wá fi í sí àyè orúkọ mìíràn."

"Níbo lo ti rí i nínú fọ́ọ̀mù?"

"Ní etí ìwé. Wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ́."

"Pẹ̀lú ìkọ̀wé kúlúkùlù wọn yẹn?"

"Lẹ́tà kéwú ni."

Gráinne wá jókòó. Ọdún méje ni Mùínàt fi jù ú lọ. Tó bá jẹ́ Ìwó ni wọ́n wà, orí ìkúnlẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ì bá ti máa kí i. Ṣùgbọ́n Dublin ni, èdè Gẹ̀ẹ́sì kò sì ní "ẹ," gbogbo ènìyàn ni "o," àti ọ̀gá àti ẹrú. Mùínàt sáà máa ń fi "ẹ" sí gbogbo ohun tó bá ń bá a sọ nínú ọkàn rẹ̀, nítorí ẹni tó ń buwọ́ lu pámíìtì iṣẹ́ ènìyàn kò ní ọjọ́ orí.

"O gbọ́ èdè àwọn ará Afghanistan, o kò sì sọ fún wa," ni Gráinne wí.

"N kò gbọ́ ọ. Mo kàn lè kà á ni."

"O lè ka ohun tí o kò gbọ́?"

"Bí wọ́n ṣe ń kọ́ wa nìyẹn nílé kéwú. A ó kọ́kọ́ kà á. Ìtumọ̀ a máa dé lẹ́yìn."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Gráinne kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti ń wádìí ohun tó ń ṣe àwọn èèyàn Nàìjíríà láti ọjọ́ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, òun ti rí i báyìí. Ó ní ẹni tó ń ka ohun tí kò yé e, tó tún ń tẹ̀ ẹ́ sínú iṣẹ́ oníṣẹ́, òpùrọ́ ni tàbí òmùgọ̀, èyíkéyìí tí Mùínàt bá fẹ́ níbẹ̀ kó mú.

"Ohun tó bá wà nínú àpótí nìkan là ń kà," ló fi parí rẹ̀. "Etí ìwé kì í ṣe àpótí. Ọ̀la ni ìjábọ̀ oṣù yìí ń lọ. Ìwọ ni wàá fi ránṣẹ́ ní agogo méjìlá bí o ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kí o ti pa àwọn Majbur rẹ yẹn rẹ́ kó tó lọ, kí o sì buwọ́ lu ìwé àyẹ̀wò pé gbogbo rẹ̀ pé pérépéré. Fọ́ọ̀mù pámíìtì rẹ wà lórí tábìlì mi. N kò ní fẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Grand?"

"Grand," ni Mùínàt wí, bí wọ́n ṣe ń sọ "ó dára" ní Dublin. Kò sí ohun tó grand níbẹ̀.

Larkmoor ni wọ́n ń pe ilé-iṣẹ́ náà, ní Citywest, níbi tí ilé onígíláàsì ti ń hù bí olú lọ́dún 2004. Owó wà ní Ireland nígbà náà, iṣẹ́ sì pọ̀ débi pé àwọn kan ń gbowó láti máa ka ohun tí ẹlòmíràn ní kí wọ́n kà. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni páálí kan máa ń dé láti ẹnubodè Afghanistan. Gbogbo ará Afghanistan tó bá ń ti orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wọ́n padà sílé ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè níbẹ̀: kí lorúkọ rẹ, ọmọ ọdún mélòó ni ọ́, níbo lò ń lọ. Ìbéèrè ìkẹyìn, ohun tó mú un padà, ló gba àròjinlẹ̀, àpótí méjì ló sì wà níwájú rẹ̀. "Mo fínnúfíndọ̀ padà" ni ọ̀kan. "Wọ́n dá mi padà" ni ìkejì. Àwọn tó ń náwó sí ìpadàbọ̀ yìí ti búra pé àwọn kò ní fi kọ́bọ̀ kan ran ẹni tó ń lé ènìyàn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbéṣẹ́ fún Larkmoor, kí wọ́n lè mọ iye tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Oṣù kẹwàá rèé tí Mùínàt ti ń tẹ̀ ẹ́. Kò tíì rí ẹyọ ènìyàn kan nínú àpótí kejì.

Ó fa àwọn páálí oṣù náà jáde lábẹ́ tábìlì. Inú ń bí i, ojú sì ń tì í, ìtìjú gan-an ló sì ń bí i nínú jù. Kí ló burú nínú ohun tí òun ṣe? Ní Ìwó tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, orúkọ tó bá ti ní "ma" níwájú tó ní "uu" lẹ́yìn, orúkọ gidi ni. Mọ́ńsúrù ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Màmúdù ló ń ta epo ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wọn. Màṣúùdù ló kọ́kọ́ kọ lẹ́tà sí i láyé. Ẹni tó bá ti gbọ́ àwọn wọ̀nyí látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, tó wá rí "Májúbúrù" létí ìwé ará Afghanistan, kí ló kù tó máa rò?

Alfa Gànìyù ló kọ́ ọ ní kéwú, lórí wáláà, pẹ̀lú pàṣán tí kì í sinmi. Míìmù, jíìmù, báù, wáwù, ráù. Ọmọ ogójì ni wọ́n jọ ń ké e lójúmọmọ, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tó ń ké. Tí ọmọ kan bá béèrè ìtumọ̀, Alfa á ní kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà ná. Mùínàt kúrò nílé kéwú láìdé orí ìtumọ̀, nítorí ilé ìwé gírámà gbà á. Kíkà yẹn nìkan ló bá a dé Dublin.

Ó to fọ́ọ̀mù mẹ́rin kalẹ̀, bàbá, ìyá, àti ọmọbìnrin méjì. Igi tí wọ́n fà sínú àpótí kìíní dúdú kirikiri, báírò ni wọ́n fi fà á. Ọ̀rọ̀ pẹ́ńsù náà sì wà létí ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kéré, ó ń sá sí igun. Ìgbà yẹn lohun kan tó yẹ kó ti kọ ọ́ lójú láti ìgbà tó kọ́kọ́ rí i wá gún un lọ́kàn. Obìnrin wo ló ń jẹ́ Mọ́ńsúrù? Mọ́ńsúrátù lobìnrin ń jẹ́. Òun alára, ká ní ọkùnrin ni òun, Mùínì ni wọn ì bá sọ òun. Orúkọ kéwú kì í gbé ṣòkòtò wọ obìnrin. Bí Májúbúrù bá jẹ́ orúkọ, kí ló dé tí ìyá àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ kò jẹ́ Májúbúrátù?

Ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sórí ìwé pélébé kan, ó fi sínú báàgì, ó sì ń retí agogo márùn-ún.

Hussein ló wá sí i lọ́kàn. Ará Afghanistan ni, ó ń ṣe búrẹ́dì pẹlẹbẹ nílé búrẹ́dì kan láàárín àwọn ilé-iṣẹ́ ní Finglas, òun ló sì máa ń kó búrẹ́dì ìṣínu wá sí mọ́sálásí nígbà ààwẹ̀. Kì í bá ènìyàn ṣeré. Bó bá gbé búrẹ́dì kalẹ̀ tán, ẹ̀yìn ọ̀wọ́ ló máa ń dúró sí, bó bá sì kírun tán, ó ti lọ nìyẹn. Mùínàt yà mú Ihsan ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá a tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì wọ bọ́ọ̀sì méjì.

"Mam, I'm starving," ni Ihsan wí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ó gbọ́ gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá sọ sí i, ṣùgbọ́n ó ti tó ọdún méjì tó ti fi dáhùn kẹ́yìn. Ní ti bàbá rẹ̀, ó gba ọ̀nà Toronto lọ lọ́dún tí wọ́n dé, kò sì tíì rántí ọ̀nà àbọ̀.

"Máa fara dà á. A ó rí búrẹ́dì jẹ níbi tí à ń lọ."

Ìgbà ìdìbò ni. Gbogbo òpó iná lójú ọ̀nà ni wọ́n lẹ ìwé mọ́, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ àlejò tí wọ́n bí sí Ireland á máa jẹ́ ọmọ Ireland lọ. Ọkùnrin arúgbó kan tó jókòó níwájú wọn yíjú padà, ó wo ìbòrí Mùínàt, ó wo Ihsan, ó ní tí wọ́n bá dìbò náà tán, gbogbo wọn ló máa padà síbi tí wọ́n ti wá. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi sọ ọ́, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Mùínàt wo ojú fèrèsé. Ihsan kò wo ojú fèrèsé ní tirẹ̀.

"I've school tomorrow," ló sọ fún ọkùnrin náà.

Hussein ń kó búrẹ́dì jáde nínú ààrò nígbà tí wọ́n wọlé. Ìyẹ̀fun ti sọ irùngbọ̀n rẹ̀ di funfun ju bó ti yẹ lọ. Nígbà tí Mùínàt sálámà sí i tán tó sọ pé òun ní ọ̀rọ̀ kan láti bi í, ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan tẹ̀ lé e.

"Ta ló rán ọ?" Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ kan ni."

"O kò mọ̀ ọ́n kà?"

"Mo mọ̀ ọ́n kà. N kò mọ ohun tó ń sọ."

"Kà á kí n gbọ́."

Mùínàt kà á gẹ́gẹ́ bí Alfa Gànìyù ṣe kọ́ ọ, ó fa ibi tó yẹ kó fà, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀. Ọkùnrin náà gba ìwé pélébé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wò ó pẹ́.

"Níbo lo ti rí èyí?"

Ó ṣàlàyé fún un. Ó sọ ti páálí, ti fọ́ọ̀mù, ti àpótí méjì àti pẹ́ńsù. Ó ní òun rò pé orúkọ ni, òun sì ti tẹ̀ ẹ́ sí ibi orúkọ fún irínwó ènìyàn lé méjìlá.

"Orúkọ," ni Hussein wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rín tí ènìyàn lè bá a rín. "Kì í ṣe orúkọ. Majbur. Ẹni tí wọ́n fi dandan mú. Ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn."

Mùínàt wá ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò tètè rí i, Yorùbá ló yára bọ́ sí i lẹ́nu. "Túláàsì," ló wí, àfi bí ẹni pé ẹnìkan ló gbá a láyà. Irínwó ènìyàn lé méjìlá ló ń pariwo pé túláàsì ni, òun sì jókòó ní Citywest, tíì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sọ wọ́n lórúkọ.

"Ẹ̀yin lẹ ń kà wá," ni Hussein wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gba ẹnubodè yẹn kọjá ní oṣù kejì. Ibi tó ti ń da kọnkéré ni wọ́n ti mú un, ẹsẹ̀ bàtà kan ló wọ̀ dé ẹnubodè. Ẹni tó mú un ló dúró tì í nígbà tí wọ́n ń bi í bóyá ó wù ú láti padà. Kí lo fẹ́ kó sọ?"

Mùínàt di ọwọ́ Ihsan mú.

"Ẹni tó ń béèrè ńkọ́? Òun náà lọ́mọ. Á máàkì ohun tí wọ́n fẹ́ kó máàkì. Á wá fi pẹ́ńsù kọ òótọ́ síbi tí àwọn tó ni ìwé kò ní wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá wò ó, orúkọ lẹ pè é." Ó da ìwé náà padà fún un, ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ ti bà á jẹ́. "Kí lorúkọ tìrẹ?"

"Mùínàt."

"Muína. Ẹni tó ń ranni lọ́wọ́. Ìyẹn lorúkọ."

Kò fi í yìn ín. Ó na búrẹ́dì gbígbóná kan sí Ihsan, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó sì ń bá ààrò rẹ̀ lọ.

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí wọ́n délé ní agogo mẹ́jọ, bó ti máa ń rí lọ́hùn-ún ní oṣù karùn-ún. Tẹlifóònù ti ń dún kí Mùínàt tó ṣílẹ̀kùn tán. Tòún ni. Òun ló ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà Larkmoor, òun ló sì bá Mùínàt wá iṣẹ́ náà. Ó ti ra ilé sí Lucan, ó ti ní ìwé ìgbélùú tirẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé ìkankan níbẹ̀.

"Ìyá Ihsan, ọ̀rọ̀ ẹ ti kárí ọ́fíìsì. Kí lo lọ ń ká nínú igbó olóko?"

Mùínàt ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ta ló gbéṣẹ́ ògbufọ̀ fún ẹ?" ni Tòún béèrè. "Wọ́n ní kó o tẹ ohun tó wà nínú àpótí, o lọ ń ka etí ìwé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Pa nǹkan yẹn rẹ́, kó o sign, kó o gba pámíìtì ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnìkan lè kà á ni."

"Kì í ṣe ìwọ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ṣé àwọn ará Afghanistan mọ Ìwó ni? Abeg, no put sand for my garri. Èmi ni mo júwe ẹ fún wọn. Tó o bá dà á rú, ẹni tó bá tún lórúkọ Nàìjíríà lẹ́yìn ẹ kò ní ríṣẹ́ níbẹ̀ mọ́."

"Mo gbọ́, ma."

"O ò tíì gbọ́. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù tó ń bọ̀ ni pámíìtì ẹ ń parí. Tí Gráinne kò bá buwọ́ lù ú, ìwọ pẹ̀lú Ihsan lẹ máa wà lẹ́nubodè. Àwọn wo ló máa wá ka tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni Mùínàt gbé sùn. Ẹ̀rù bà á, kò sì sí ohun tó fẹ́ fi bò ó fún ara rẹ̀. Ẹ̀rù Ìwó kọ́ ló ń bà á, ilé ni Ìwó. Ẹ̀rù ojú tí Ihsan máa fi wò ó ló ń bà á, ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Tallaght, tó ti ní ọ̀rẹ́ mẹ́ta àti àpò ìwé aláwọ̀ osùn, tí òun á wá mú wọ inú kíláàsì kan ní Ìwó, níbi tí yóò ti máa dá wọn lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò gbọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ìwé àyẹ̀wò ti wà lórí tábìlì rẹ̀ kó tó dé. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀: "Mo ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò, mo sì jẹ́rìí pé gbogbo àwọn tí a kà ló fínnúfíndọ̀ padà." Abẹ́ rẹ̀ ni àyè ìbuwọ́lùwé wà. Tòún kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe bí ẹni ń wá omi mu, kò sì kí i.

Ní agogo mọ́kànlá àbọ̀, ọgbọ́n kan dé. Ó dùn mọ́ Mùínàt nínú débi pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ṣebí ọkùnrin ẹnubodè náà ti fi ọ̀nà hàn? Òun á buwọ́ lu ìwé náà. Òun á wá fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sí etí rẹ̀, kékeré, níbi igun. Pámíìtì á jáde, ẹ̀rí ọkàn á rí oúnjẹ jẹ, Gráinne kò sì ní mọ ohun tó jẹ́. Ó mú pẹ́ńsù. Ó kọ míìmù. Ó kọ jíìmù mọ́ ọn.

Ó dúró níbẹ̀.

Ta ló máa kà á? Ọkùnrin ẹnubodè yẹn ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejìlá lé nírínwó, láìmọ ẹni tó ń kọ ọ́ sí, àwọn páálí rẹ̀ sì kọjá òkè àti òkun títí wọ́n fi bá ẹnìkan tó ké kéwú ní Ìwó pàdé. Bí òun náà bá tún kọ ọ́ sí etí ìwé, kí òun máa retí ẹlòmíràn, níbo ni yóò dúró? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, tí ìtumọ̀ sì ti dé bá a, kò tún ní ibi tó máa sá sí. Alfa Gànìyù kò sọ èyí fún wọn nílé kéwú. Bóyá òun náà kò mọ̀ ọ́n.

Ó fi rọ́bà pa míìmù àti jíìmù rẹ́. Ó ṣí ìjábọ̀ náà nínú kọ̀ǹpútà. Àwọn Májúbúrù wà níbẹ̀ síbẹ̀, ojú ewé mọ́kànlá, kò pa ẹyọ kan rẹ́. Àkọlé àyè wọn, "orúkọ mìíràn" tí òun fúnra rẹ̀ kọ síbẹ̀, nìkan ló pa rẹ́. Ó tẹ "Wọ́n fi dandan mú un" sí i lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ó kọ ìlà mẹ́ta sí àwọn tó gbéṣẹ́ fún Larkmoor: pé àṣìṣe wà nínú iṣẹ́ òun, òun lòun ṣe é, pé ohun tí òun pè ní orúkọ kì í ṣe orúkọ, àti iye àwọn tó kàn. Ó so ẹ̀dà fọ́ọ̀mù mẹ́rin tó to kalẹ̀ lánàá mọ́ ọn. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú méjì nígbà tó fi í ránṣẹ́.

Gráinne kò pariwo. Ó ka ẹ̀dà tirẹ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì wà lórí tẹlifóònù fún ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó ń wo Mùínàt bí ẹni ń wo ohun tí ajá yà sí iwájú ilé.

"Ṣé o mọ ohun tí o ṣe fún mi?"

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Mùínàt wí. "Ẹ má bínú." Òun náà kò mọ ìdí tó fi bẹ̀bẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ ni.

"Èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́. Èmi." Gráinne fi fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀, kì í ṣe ti pámíìtì. Fọ́ọ̀mù ìkúrò-níṣẹ́ ni. "Kíkọ rẹ̀ kò gba àkókò. Máàkì àpótí kìíní, kó má bàa di ariwo. Tí o bá máàkì rẹ̀, màá kọ lẹ́tà dáadáa fún ọ, o lè rí ẹlòmíràn tó máa ṣe pámíìtì fún ọ kó tó parí. Tó bá jẹ́ ìkejì ni, má wá sọ́dọ̀ mi fún lẹ́tà kankan."

Mùínàt wo ìwé náà. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀. "Mo fínnúfíndọ̀ kúrò" ni ọ̀kan. "Wọ́n dá mi dúró" ni ìkejì. Ó ti mọ ìwé yìí. Oṣù mẹ́wàá gbáko ló fi mọ̀ ọ́n. Gráinne dúró tì í, báírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sí i.

Mùínàt gba báírò náà. Kò lọ sí etí ìwé. Láti ọwọ́ ọ̀tún ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ gba orí àpótí méjèèjì kọjá, ńlá ńlá bí ìgbà tó ń kọ ọ́ sórí wáláà: míìmù, jíìmù, báù, wáwù, ráù.

"Kí nìyẹn?" ni Gráinne béèrè. "Orúkọ rẹ?"

"Kì í ṣe orúkọ," ni Mùínàt wí. Ó sì fara balẹ̀ kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí kò ké kéwú lè rí i kà.

Ó dé báírò náà, ó dá a padà fún ẹni tó ni ín, ó sì lọ dúró de bọ́ọ̀sì tí yóò gbé e lọ mú ọmọ rẹ̀ nílé ìwé.